Ohun Tí Ọmú Mi Máa Sọ

Kabawa, Lọ́kọ́jà,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Màrdíyà Àyọ̀ká, ọmọ mi àtàtà,

Àláfíà Ọlọ́run kó bá ọ lórí àga tí o jókòó sí ka ìwé yìí, bó bá sì jẹ́ pé ìdúró lo wà, jọ̀ọ́, wá nǹkan jókòó lé. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun, àbí tíì àti bísíkíìtì yẹn náà lo ṣì ń fi ṣe oúnjẹ? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Omi Ọya ti fà kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó kù díẹ̀ kó wọ ilé ìdáná lọ́dún yìí, Ọlọ́run ni kò gbà fún un. Kàsímù ẹ̀gbọ́n rẹ ti tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ Sùrájù ń kí ọ, ó ní o kì í pe òun, mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀, pé ẹran ara èèyàn lo ń bá sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ibo lo ti fẹ́ ráyè.

Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù inú ilé yìí, bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, àwọn tó wà níta ló ń dáhùn. Mi ò sì fẹ́ kí Sùrájù bá mi kọ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í, kíláàsì àgbà tí mo lọ lẹ́yìn tí bàbá yín kú, tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, o wá rí i pé kò ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ ni. Kókó inú ọmú mi tí dókítà ní kì í ṣe àrùn burúkú, tí wọ́n fẹ́ yọ ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, o ní tí wọ́n bá yọ ọ́ tán kí n fún yín ní díẹ̀ kí ẹ fi ṣèwádìí ní ilé ìwádìí yín. O ti ṣàlàyé, ó sì yé mi yékéyéké. O ní láti ẹ̀dọ̀ dé kíndìnrín dé awọ ojú, sẹ́ẹ̀lì tójú ò lè rí ló kún ara èèyàn bí iyanrìn etídò, àti pé ìwé kan náà ni Ọlọ́run kó fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ojú ìwé tí ẹ̀dọ̀ ń kà kọ́ ni ọkàn ń kà, èyí tí ọkàn sì ń kà, ọmú ò ṣí i rí. O ní láyé àtijọ́ ńṣe ni wọ́n ń lọ ẹran náà pọ̀ bí ata, wọn ò mọ èyí tó ń sọ kí ni, àfi ìsinsìnyí tí ẹ ní ẹ̀rọ tó ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń wo ojú ìwé tí kálukú ṣí. Mo ní háà, bí àlíkálì ṣe ń ṣe ní kóòtù nìyẹn, tó ń mú ẹlẹ́rìí wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn. Ta ló máa parọ́ níwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn tó rọrùn.

Ruth aládùúgbò wa, tíṣà tó wá láti Kàbbà, òun ló bá mi ka fọ́ọ̀mù náà látòkèdélẹ̀ nítorí èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú òtútù tó ju yìnyín lọ ni wọ́n máa gbé ẹran náà sí. Màrdíyà, o mọ bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe mí. Jọ̀ọ́, fi nǹkan wé e, ìborùn rẹ àtijọ́ tiẹ̀ tó. Ruth rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mo bi í pé ṣé ọmú tirẹ̀ ni. Èyí tó bá sì ṣẹ́kù, ẹ má dà á nù o, kì í ṣe àṣà wa kí ẹran ara èèyàn máa rìn kiri. Gbé e sínú kúlà wá sílé, a ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, láàárín igi gúáfà méjèèjì tí a gbìn sórí olóbi Sùrájù àti ti Kàsímù.

Ìdí igi yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù, a dé ibi tí wọ́n ti béèrè iye ọmọ tí mo bí. Ruth ti gbé kálámù, ó ní mẹ́ta ṣá ni, òun kúkú mọ̀ wọ́n. Mo já kálámù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní orí ń fọ́ mi, kó máa lọ sílé, n ó ṣe èyí tó kù. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè nìyẹn, fọ́ọ̀mù wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo rò ó pé tí mo bá kọ mẹ́ta, tí ẹ̀rọ yín wá bi ẹran ara mi léèrè, tó ní méjì ni, níwájú ọ̀gá rẹ ni wọ́n ti máa pe ìyá rẹ lónírọ́, ẹnu wọn lo sì ti máa gbọ́ ọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Kí ẹ̀rọ tó sọ fún ọ, jẹ́ kí n sọ ọ́.

Màrdíyà, èmi kọ́ ni mo bí ọ. Jàmíátù àbúrò mi ló bí ọ, èyí tí mo máa ń sọ fún ọ pé ó mọ orin kọ. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ ti ṣaláìsí nígbà tí oyún rẹ pé oṣù márùn-ún. Lọ́jọ́ kọkànlá tó bí ọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá lára rẹ̀, ó gbé ọ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má jẹ́ kí o mọ̀ láéláé pé o ò níyàá. Bàbá yín, kí Ọlọ́run forí jì í, ní tí o bá lọ́kọ a ó sọ fún ọ. Òun lọ, ó kù mí.

Mo ti já Kàsímù lẹ́nu ọmú láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọmú mi ti gbẹ táútáú. Wàrà inú agolo ò bá ọ lára mu, ńṣe lo ń yàgbẹ́, tí o ń ké. Mo fi ọmú gbígbẹ sí ọ lẹ́nu kí o lè dákẹ́ ṣá. O fà á, o ò rí nǹkan, o bínú, o tún fà á. Mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, mo ń sunkún Jàmíátù, ìwọ ń fà. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo rí funfun létí ẹnu rẹ. Igbe tí mo ké, bàbá yín sáré wọlé, ó rò pé ìwọ náà ti lọ. Ojú ìwé tó ti pa dé lára mi, Màrdíyà, ìwọ lo ṣí i.

Omi ò sì gbé igi rẹ lọ. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje tí o bi mí pé tìẹ dà, irọ́ ni mo pa mọ́ Ọya. Olóbi rẹ wà ní Kpata, lẹ́yìn ilé tí Jàmíátù gbé, igi ọsàn ló wà lórí rẹ̀. Ọsàn tí mo máa ń gbé bọ̀ láti Kpata, tí o ní ó dùn ju tọjà lọ, igi rẹ ló so ó. Mi ò rà á rí.

Ẹ̀rù ń bà mí. Bó o bá fẹ́ bínú, bínú, mo ti ṣe ohun tó tó o, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́ jù.

Fi owó mọ́tò tí n ó fi wá Ìbàdàn ránṣẹ́, kó o fi owó búùtà àlùwàlá kún un, tèmi ti ń jò. Má fi sínú fóònù mi mọ́ o. Èyí tó o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo gbọn fóònù títí, kò já bọ́, àfìgbà tí Kàsímù gbé e lọ sọ́dọ̀ oní-POS. Ọlọ́run kó máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ, kó fún ọ lọ́kọ tó máa mọyì rẹ, kí àwọn ọmọ tìẹ náà mọ̀ ọ́ ní ìyá.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù náà tán, mo dì í mọ́ lẹ́tà yìí. Níbi iye ọmọ tí mo bí, mo kọ méjì. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti béèrè iye ọmọ tí mo fún lọ́mú. Mo kọ mẹ́ta síbẹ̀, mo tẹ kálámù mọ́ ọn. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bí wọ́n bá bi ikùn mi léèrè, kò mọ̀ ọ́. Kí wọ́n bi ọmú.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Àdìjátù.