Mọ́tò Ni Wọ́n Ra Ọtí Náà Fún

                                        Agboolé Sàbítù,
                                        Ahougnansou,
                                        Bouaké.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Sàfúrátù, ẹni ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ mọ̀ pé kíláàsì CM1 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kúrò níléèwé, Yorùbá tí Bàbá kọ́ wa nílé ni mo fi ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó dé ẹnu bírò mi. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé mo fa ìlà pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ẹ fò ó.

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Rachida tó ń hu eyín nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ? Ṣé Bàbá ń sùn dáadáa? Ọyẹ́ ibí mú gan-an lọ́dún yìí, eruku wọ inú ohun gbogbo, títí kan ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́. Ìyá ọkọ mi pe Bàbá lórí tẹlifóònù lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun bá ọtí nínú yàrá mi, kí wọ́n wá mú ọmọ wọn. Òótọ́ ni pé ó bá ọtí. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún ni, kútúkú, ògógóró ilẹ̀ ibí, ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tọ́ ọ wò rí. Mọ́tò ni wọ́n rà á fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mi ò lè sọ ọ́ lórí tẹlifóònù, nítorí nínú ilé yìí, tí ènìyàn bá sín nínú yàrá, ọ̀ọ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń kí i.

Ẹ rántí mọ́tò tí ọkọ mi fi wá kó ẹrù ìyàwó, èyí aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń pè ní "France au revoir", torí pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti lò ó kí wọ́n tó gbé e wá síbí. Òun ló fi ń kó èrò lọ sí Béoumi. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni mọ́tò náà ti ń mu epo bí ẹni mu omi. Epo tó ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í gbé e délé mọ́. Bí ọkọ mi bá wọlé, kò ní jẹun, á kàn máa wo òrùlé. Èmi rò pé ọbẹ̀ mi ni kò dùn.

Karim ọ̀rẹ́ rẹ̀, awakọ̀ bíi tirẹ̀, ló wá rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìdérí ibi tí wọ́n ń da epo sí. E10 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Karim ní E yẹn, ẹtanọ́ọ̀lù ni, ọtí ni, pé àwọn òyìnbó máa ń po ọtí mọ́ epo. Ibẹ̀ yẹn, kò parọ́. Ibi tó gbé ọ̀rọ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

"Ọ̀rẹ́, ọtí ni wọ́n fi tọ́ mọ́tò yìí dàgbà," ló wí. "O wá gbé e sọ́dọ̀ Anago, Yorùbá tó ń kírun, o já ọtí gbà lẹ́nu ẹ̀ lójijì. Ṣé kò ní máa fi epo pàrònú rẹ́ ni?"

Ọkọ mi gbà á gbọ́. Ó lọ ra kútúkú lọ́nà Languibonou, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ mi, ó ní kí n má jẹ́ kí Ìyá rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó da lítà méjì sínú táǹkì, ó kó èrò, ó lọ. Ojú tì mí láti bi í ní ìbéèrè, torí oṣù méjì péré ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò nílé yìí. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Kò pẹ́ tó lọ tí Ìyá wọlé wá mú ẹní. Òórùn gbá a nímú. Ó fa kẹ́ẹ̀gì jáde, ó ṣí i, ó sún sẹ́yìn.

"Ìyàwó, kí lèyí?"

Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ǹ bá sọ? Tí mo bá ní ti ọmọ rẹ̀ ni, mo ti sọ ọ́ di ọ̀mùtí lójú ìyá rẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, èmi ni ọ̀mùtí. Mo dákẹ́.

"Abájọ tí o kì í sọ̀rọ̀!" ni Ìyá wí. "Èmi ń pè é ní ìtìjú, àṣé ọtí ló ń pa ọ́!"

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Mo sunkún. Ibẹ̀ ló ti pe Bàbá.

Kò tíì gbé tẹlifóònù náà sílẹ̀ tí ìpè míì fi wọlé. Ọkọ mi ni. Mọ́tò ti kú sójú ọ̀nà, kò tíì rìn jìnnà rárá, àwọn èrò ti bá ọkọ̀ míì lọ, wọ́n sì ń fi okùn fà á bọ̀ sọ́dọ̀ Oṣùọlálé, mẹkáníìkì àdúgbò wa. Ìyá ní kí n dìde ká lọ bá a níbẹ̀, kó gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, Karim ti wà níbẹ̀. Oṣùọlálé ń sọ pé pọ́ǹpù epo ló bàjẹ́, kí wọ́n lọ wá òmíràn. Ọkọ mi ò sọ ohun tó dà sí táǹkì, bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìdí tábìlì wa létí omi Kossou, nígbà tí a ń ta epo inú ìgò fún àwọn apẹja. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí òjò bá ti rọ̀, kí n gbé ìgò sókè sí oòrùn kí n tó gbé e fún oníbàárà. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, á jókòó sísàlẹ̀, epo á wà lókè, ìlà á sì pín wọn. Kútúkú ńkọ́? Omi pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó ń tà á sì tún máa ń bu omi là á.

Mi ò mọ bí ẹnu mi ṣe là. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì tú pọ́ǹpù. Ẹ bá mi fa epo ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun."

Oṣùọlálé wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyàwó tuntun, ilé ọkọ lo wá ni, àbí iṣẹ́ lo wá kọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fà á. Mo gbé ìgò sókè. Bí ẹ ṣe kọ́ mi náà ló rí: epo lókè, omi bàìbàì nísàlẹ̀, ìlà láàárín. Ìyá gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Àwáàlù! Òórùn yàrá ìyàwó rẹ ló wà nínú mọ́tò yìí!"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ́ìlì àti eruku, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Karim fẹ́ yọ́ lọ, Oṣùọlálé di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Dúró, dókítà. Ẹni tó o fún lọ́tí ti sùn lọ, wá jí i."

Àlàyé tí Oṣùọlálé ṣe, mo fẹ́ kí ọkọ yín gbọ́ ọ, torí ẹ ní irú mọ́tò yìí lòun náà fẹ́ rà. Ó ní E10 kò túmọ̀ sí pé mọ́tò ń wá ọtí. Ó túmọ̀ sí pé tí ẹtanọ́ọ̀lù bá tó lítà mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lítà epo, mọ́tò náà lè gbà á, kò ní ṣe é ní nǹkan. Ẹtanọ́ọ̀lù yẹn, wọ́n ti fa omi inú rẹ̀ gbẹ kó tó lè pò mọ́ epo. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà. Kì í sì í mú kí epo pẹ́ sí i, torí agbára rẹ̀ kò tó ti epo. Epo lásán tó bá gbé mọ́tò rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tí wọ́n bá pò ó bẹ́ẹ̀, á gbé e rin nǹkan bíi mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Díẹ̀ ni, awakọ̀ míì ò tiẹ̀ ní mọ̀. Àwọn mọ́tò àtijọ́ gan-an ni kí ènìyàn ṣọ́ra fún, torí ẹtanọ́ọ̀lù lè jẹ rọ́bà inú wọn. Èyí tó bá sì jókòó pẹ́ láìrìn, epo inú rẹ̀ lè fa omi láti inú afẹ́fẹ́.

Ohun tó ń jẹ epo wa gan-an ńkọ́? Eruku ọyẹ́ ló dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti rọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Oṣùọlálé fa táǹkì gbẹ, ó pààrọ̀ asẹ́, ó fẹ́ táyà. Àná, mọ́tò lọ sí Béoumi, ó bọ̀, epo ṣì kù nínú rẹ̀. Ọkọ mi jẹun, ó ní kí n bù sí i.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, Ìyá pè mí sí ọ̀ọ̀dẹ̀, lójú àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní òun purọ́ mọ́ mi, kí n má bínú. Èmi! Mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Ó ní irú ọ̀rọ̀ tí òun sọ fún Bàbá, tẹlifóònù ò lè tún un ṣe, ẹsẹ̀ ara òun lòun máa fi wá. Ọjọ́ Àìkú yìí ni a ń bọ̀, òun, ọkọ mi, àti èmi.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Bàbá ò gbé ìpè mi láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ lé wọn padà, kó sì ní kí n dúró ti òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí sí i létí kí Àìkú tó dé, kí ẹ sì jókòó tì í nígbà tí a bá dé. Ìyá ti ní Karim fúnra rẹ̀ ni kó gbé lẹ́tà náà wá, pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo ti kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ìwé ná, torí Karim lè dé kí n tó parí.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ kí Màmá Mounira tó ń ta ẹja gbígbẹ. Ẹ ní mo wà, mo sì ti sanra díẹ̀. Ibi tí ẹ máa kà fún Bàbá parí síbí.

Èyí tó kù, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Nígbà tí Ìyá ní kí wọ́n wá mú mi, tí mo ń sunkún, mo rò pé torí ojú tó ń tì mí ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí ni mi ò fẹ́ fi sílẹ̀. Tí Bàbá bá ní kí ni èmi fúnra mi fẹ́, tí ẹ sì rí i pé mo tún dákẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ ní — Karim ti ń pè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní èrò ti kún, mo ń bọ̀ o — ẹ ní Sákínátù sọ pé ibi tí òun wà yìí ni òun

                                        Àbúrò yín tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́,
                                        Sákínátù.