Òwú Tí Bàbá Rẹ Ń Na Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyà

Ṣàíbù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ ní Kánò. Ara wa le, àfi ọjà Jankara tí kò yá.

O mọ̀ pé bàbá rẹ fúnra wọn ló ń na òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kí ẹsẹ̀ mọ́tò lè tọ́, kó má baà máa mu epo jù. Ní báyìí ẹsẹ̀ náà wọ́, epo kì í tó. Lánàá, wọ́n ń fọwọ́ wá òwú tó wà níwájú wọn. Wọ́n ní òwú ayé ìsinsìnyí ló tín-ín-rín jù.

Ojú wọn ò ríran mọ́, wọ́n ṣì ń kó èrò l'Ápọ́ngbọ̀n. Jọ̀ọ́, wá gba kọ́kọ́rọ́. Ọlọ́hun á mú ọ dé láyọ̀. Má sọ pé mo kọ̀wé. Sọ pé o fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń na òwú.

Ìyá rẹ,
Àmúdàtù