Àlejò Tí Wọ́n Dá Fèrè Dá

Nurat ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ọ gbé. Ṣé fèrè náà ń jẹ́ kí o ráyè jẹun? Èémí kò ní tán nínú rẹ o. Àwa náà wà, àfi ewúrẹ́ ìyá rẹ tó bí mẹ́ta tó sì kọ ọ̀kan, ìyá rẹ wá ń pọn ọ̀kan náà kiri bí abiyamọ tuntun.

Mo rí ìbéèrè rẹ, pé kí ló dé tí àga tí o fi pamọ́ fún mi níwájú lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àwo orin jáàsì yẹn fi ṣófo. Orúnkún ni. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn.

Gbogbo Àgbádárìgì ló ti gbọ́ àwo náà nínú fóònù tí o fi ránṣẹ́! Ọkọ̀ ojú omi méjìlá ló wá láti Topo, èrò tò dé Gbàjí. Ó dáa, ọkọ̀ kan ni. Sàláwù tó ń bá mi ran àwọ̀n ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Láídé ìyàwó rẹ̀, àwọ̀n mi ni wọ́n sì gbé wá. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Mo gbé fóònù ka orí odó, mo kọjú rẹ̀ sí wọn, torí kò yẹ kí ogún ènìyàn tó ń fun fèrè nínú rẹ̀ kọ̀yìn sí ẹni tó wá kí wa.

Láídé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sára àwo náà fún mi, pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin kọ orúkọ ara wọn sókè, wọ́n kọ tìrẹ sísàlẹ̀ pé àlejò ni ọ́. Kò burú. Àmọ́ nígbà tí orin gbóná, ṣe ni gbogbo onílé dákẹ́, tí wọ́n ní kí àlejò nìkan máa fun ún lọ! Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bí àwọ̀n bá wúwo létí òkun, ṣé a máa ń káwọ́ gbera ká ní kí àlejò dá a fà? Omi la ó fún un, a ó ní kó jókòó sábẹ́ àgbọn. Sàláwù ní ọlá ni wọ́n bù fún ọ. Mo ní kó lọ ran àwọ̀n rẹ̀. Sọ fún ọ̀gá wọn pé baba rẹ ní kí wọ́n máa bá ọ gbé e. Ṣé wọ́n tiẹ̀ fún ọ lómi?

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi ti lanu bí ẹja tó ń wá omi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sórí àga iwájú.

Etí tí yóò gbọ́ ọ kò ní di. Ibi tí wọ́n ti pè ọ́ lálejò, wàá di onílé níbẹ̀.

Èmi ni baba rẹ,
Sùnmọ́nù.

Nurat, kì í ṣe orúnkún. Mo wá. Mo wọkọ̀ láti àárọ̀, mo dé ẹnu géètì, mo rí orúkọ mi lẹ́yìn tìrẹ lára pátákó. Mo wá rántí pé èmi ni mo sọ lójú ẹbí pé ọmọbìnrin tó bá ń fun fèrè kò ní jẹ́ orúkọ mi. Ojú tì mí láti wọlé. Ìta ni mo dúró sí títí o fi fun tìrẹ tán, mo sì padà sílé.