Òkúta Ará Malta

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá 2025

Àbúrò mi Báyọ̀dé – Ará Malta ni mò ń pè é láti ìgbà tó ti ti òkè òkun dé – gbé òkúta dúdú kan lé mi lọ́wọ́. Kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ṣebí òkúta ni mò ń yẹ̀ wò ní lábù, kí n bá òun wò ó bóyá ohun iyebíye ni. Níbo ló ti he é? Malta, ló wí. Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, ó lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá! Bó bá jẹ́ ojú ọ̀run ló ti já bọ́, orúkọ mi wọ ìwé àwọn onímọ̀ nìyẹn.

Màmá Gbóyèga tún yà láti ṣọ́ọ̀ṣì Máàmi, aṣọ funfun lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán. Ó ní, ṣé Gbóyèga ọmọ òun ò ní pe òun ni? Gbóyèga àti Ará Malta ni wọ́n jọ lọ. Báyọ̀dé ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí Gbóyèga ráyè, nẹ́tíwọ̀kì sì burú. Malta wo ni nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ burú ju ti Ìgandò lọ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Máàmi gbọ́ pé òkúta ọ̀run ni. Ó rì í sínú omi ìyàsímímọ́. Òkúta ti dípẹtà! Ó ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ni pupa yẹn. Mo ní irin ni, ẹ jàre.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Ará Malta yan Máàmi lódì. Nítorí òkúta!

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Ará Malta ní ká má gé òkúta náà. Mo ní bí a ò bá gé e, a ò lè mọ irú tó jẹ́. Ó dìde, ó jáde.

Mo gé e. Ọ̀gá mi, Dókítà Olúwagbénga, wo inú rẹ̀: irin wínníwínní tó ń dán, wóró róbótó-róbótó. Òkúta ojú ọ̀run ni lóòótọ́! Mo jó yí ẹ̀rọ tá a fi gé e ká. A fi pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí lókè òkun.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá

Èsì dé. Irú tó wọ́pọ̀ jù lọ ni. Kò burú, èmi náà wọ́pọ̀.

Ó ku orúkọ. Ibi tí wọ́n bá ti he é ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ọ̀gá ní iyanrìn aṣálẹ̀ ló há sínú rẹ̀, Malta kọ́. Kí n lọ bi ẹni tó he é dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Mo fi Báyọ̀dé ṣe yẹ̀yẹ́: aṣálẹ̀ wo ló wà ní Malta? Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní òun àti Gbóyèga ò dé Malta rárá. Ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀, lókè ìlú Agadez. Omi tán. Gbóyèga kú. Wọ́n wa iyanrìn bò ó, wọ́n kó òkúta lé e kí atẹ́gùn má baà hú u. Báyọ̀dé mú ọ̀kan níbẹ̀ wá fún Màmá Gbóyèga. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà wọn láìmọye ìgbà, ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ó ní bóyá tó bá jẹ́ ohun iyebíye, á rọrùn láti gbé e fún un.

Ojú ń tì mí. Mo sunkún. Èmi tí mo jó.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Mo ti sọ fún ọ̀gá pé kó ní sùúrù. Màmá Gbóyèga ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ibẹ̀.

Ó wà ní pálọ̀ báyìí. Ó ra súwẹ́tà, ó ní kí Báyọ̀dé bá òun fi ránṣẹ́ sí Gbóyèga, torí òtútù. Báyọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, òkúta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n ṣáájú.