Ọ̀bọ Tí Mo Há Mọ́ Nítorí Àna Rẹ

Ọlá, lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò,
Oṣù Kẹjọ, 1953.

Bọ́látitó ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Ìbíyẹmí ìyàwó rẹ ń jẹun, ṣé ọ̀gá tí o ń wa ọkọ̀ fún kì í bínú? Títì tí o ń tọ̀ kò ní bu ọ́ jẹ.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé èmi náà ti ní ilé ẹranko. Ó tóbi ju ti Kútọnu lọ, èrò sì ń rọ́ wá wò ó láti Ìsúndúnrin títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó dára, kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àgò adìẹ ìyá rẹ ni, ọ̀bọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ọ̀bọ náà kò sì sanra.

Ìwọ lo fà á. Láti ìgbà tí o ti fi ọkọ̀ ọ̀gá rẹ gbé Ajíbóyè àna rẹ, baba Ìbíyẹmí, gba etí òkun, láti Àgbádárìgì dé Kútọnu, a kò gbádùn níbí mọ́. Mo mọ̀ pé àna là ń dọ̀bálẹ̀ fún, èmi ni mo kọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò ní kí o dọ̀bálẹ̀ dé etí òkun. Bí a bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ọ̀rọ̀ òkun ló máa ń sọ. Ó ní omi náà níyọ̀, mo bi í pé ta ló fi iyọ̀ ṣòfò bẹ́ẹ̀, ó ní ará oko ni mí. Èmi tí mo bí awakọ̀!

Ó fi fọ́tò tí ó yà pẹ̀lú kìnnìún ní ilé ẹranko Kútọnu hàn mí. Irin wà láàárín wọn, mo wò ó títí, n kò mọ èwo ni wọ́n há mọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ Ajíbóyè kò sì sí níbẹ̀ láti orúnkún, bá mi bi ayàfọ́tò bóyá ó kù sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹ sanwó lẹ́nu ọ̀nà, kìnnìún tó ń gbé ibẹ̀ kò san kọ́bọ̀, itan ewúrẹ́ ni wọ́n sì ń gbé fún un lójoojúmọ́. Kérésì ni èmi baba rẹ fojú kan itan ewúrẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló tiẹ̀ ṣẹ̀ tí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n? Ṣé kò ní ẹbí tó lè ṣe onídùúró fún un ni?

Nígbà tí okùn tí mo dẹ sí oko àgbàdo mú ọ̀bọ yìí láàyè, ìyá rẹ ti ń lọ ata. Mo ní rárá, wíwò ni, kì í ṣe jíjẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi di ẹni ńlá. Ajíbóyè náà wá, ó ní kìnnìún Kútọnu máa ń bú ramúramù. Mo ní ọmọlúàbí ni tèmi, kì í pariwo níwájú àgbà. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ sílé láì dárúkọ òkun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, àgò ṣófo. Mo sọ fún gbogbo ayé pé agbára ọ̀bọ mi ló pọ̀, pé eyín ló fi já okùn tí mo fi de ẹnu àgò.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, tàbí kí o wá gbé mi fúnra rẹ. N kò bèèrè kìnnìún. Ìjókòó iwájú tí Ajíbóyè jókòó sí ni mo fẹ́. Ọmọ tìrẹ náà yóò gbé ọ rìn, ojú rẹ kò sì ní ṣú kó o tó ríran wò.

Èmi ni baba rẹ,
Ògúndìran.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọ̀bọ náà kò já okùn. Fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò fẹnu kan àgbàdo, ó di àgò mú, ó kọjú sí igbó tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ké, bí mo ṣe máa ń kọjú sí títì tí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀. Èmi ni mo tú u sílẹ̀.