Àlejò Ni Yín Báyìí

Bàbá ọmọ mi,

Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta kan o. Gbogbo ilé ń kí yín. Ẹsẹ̀ ìyá yín ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn mi ti ń wọ bàtà mi.

Ẹ ní kí n bá yín wádìí ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àlejò, torí páásípọ́ọ̀tù ìlú òyìnbó lẹ ń lò báyìí. Mo bi ayálégbé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ní kí ẹ gba físà, kí ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀. Ẹ má gbàgbé àbọ̀ yẹn. Wọ́n á béèrè ibi tí ẹ máa dé sí. Ẹ kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, torí káfíńtà tó tún òrùlé wa ṣe ló ń sùn ní yàrá yín. Ẹni tó gbà wá lọ́wọ́ òjò la gbà sílé.

Ẹ bá ìyá yín ra awò ojú bọ̀. Ọlọ́run á gbé yín dé láyọ̀, á sì tètè gbé yín padà.

Ọmọ yín ló máa wá pàdé yín. Á gbé páálí tí a kọ orúkọ yín sí dání, torí kò mọ ojú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì mọ́ ọn o. Mo ti kọ́ ọ pé kó má jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kan òun.