Ohun Tí Mo Sọ fún Amẹ́ríkà Lórí Fóònù

Daud, Àlàó ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà ní ìgboro Chicago lọ́hùn-ún? Ṣé ara le, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ní ọsibítù ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú wa la yìnyín ọdún yìí já kò ní jẹ́ ká fẹsẹ̀ kọ. Tó o bá bi mí, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tó mọ̀.

Gbogbo ará abúlé kí ọ. Má rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó létí títì pé abúlé ni Matteson yìí, mo bi Salihat ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, abúlé ni lábẹ́ òfin. Èmi tí mo gbé ìgboro Chicago láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kéré, mo wá di ará oko lọ́jọ́ ogbó nítorí pé mo kó wá bá ọmọ gbé. Muminat ọmọ Salihat ti ga jù mí lọ, orúnkún kan ṣoṣo ló fi ń kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Wọ́n tún gbé nǹkan kan mọ́ ẹnu ọ̀nà tó ń sọ̀rọ̀, mo máa ń kí i kí n tó wọlé, torí èèyàn ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé ẹ̀rù fóònù ń bà mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni fóònù ilé dún, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jasmine ní àwọn ń gba èrò àwọn ará ìlú jọ, òun fẹ́ bi mí ní ìbéèrè díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń jẹ ààrẹ. Daud, mo dìde dúró. Mo ní àwọn afọbajẹ Amẹ́ríkà rèé! Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn, kí wọ́n tó fọba jẹ, wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ilé, wọ́n á bi wọ́n léèrè. Láti ọjọ́ tí mo ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà, wọn ò bi mí ní nǹkan kan rí, mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀ mí dé bẹ́ẹ̀. Mo ní kó dúró, mo lọ wé gèlè, mo jókòó dáadáa. Ó ní wọ́n ń gba ohùn mi sílẹ̀ o. Mo ní kò burú, kó lè wà nílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ.

Ó wá ní tí ẹnì kan bá ń du ipò ààrẹ, tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ ti ṣe é rí, ṣé ìyẹn á mú kó túbọ̀ wù mí láti dìbò fún un ni, àbí á dín in kù, àbí kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Ọ̀rọ̀ rèé! Ìwọ náà mọ̀ pé wọn kì í yé jà lé e lórí níbí. Bàbá ti ṣe é, ọmọ ti ṣe é, ọkọ ṣe é tán, ìyàwó náà jáde. Larry tó ń gbé lódìkejì títì ní orúkọ àwọn ará ilé kan náà ti sú òun, ó ní ṣé kò sí ilé míì ní gbogbo Amẹ́ríkà ni. Gloria ìyàwó rẹ̀ ní kí ló burú níbẹ̀, ó ní ẹni tí òun mọ ilé tó ti jáde sàn fún òun ju ẹni tó kàn lówó lọ. Tí ìbò bá ti ń bọ̀, àwọn méjèèjì kì í jọ wo tẹlifíṣọ̀n, ọ̀dọ̀ wa ni Larry ń wá jókòó sí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fún Jasmine láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní ní ìlú wa nílé, ìdílé mẹ́ta ló ń jọba. Tí ọba ilé kan bá wàjà, ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ gorí ìtẹ́, ó ti kan ilé tó tẹ̀ lé e. Mo ní kó bá mi sọ fún àwọn àgbà Amẹ́ríkà pé àṣìṣe wọn ò ju pé wọn ò to àwọn ilé wọn tẹ̀ léra lọ. Ọmọ náà ní kí n jọ̀ọ́ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta tí òun kà. Mo ní á dín in kù. Mo ní kó kọ ọ́ gbàgàdà pé èmi Sìmíátù ni mo sọ pé ọmọ kì í jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíì tó jókòó níbẹ̀. Mo ṣàdúà fún un, mo bi í pé ìgbà wo ni màá gbọ́ ẹni tí wọ́n mú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àfi tí ìbò bá dé.

Inú mi ń dùn títí di ọjọ́ Jímọ̀. À ń jáde ní mọ́sáláásí ni àwọn obìnrin ń kí mi kú oríire, wọ́n ní Daud fẹ́ ṣe alága ẹgbẹ́ àwa ará ilé tó wà níbí. Háà! Ìwọ ò sọ fún mi. Wọ́n tún ní o ti ń sọ kiri pé ìbò Màmá wà lápò ẹ, pé tí Màmá bá ti nawọ́, gbogbo obìnrin á nawọ́. Bàbá yín ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, òun ló ṣe alága títí Ọlọ́run fi pè é. Jìbírílù ẹ̀gbọ́n rẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ gbé e sílẹ̀ báyìí, ìwọ ló tún kù? Halimah tó wà láàárín wọn sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn mi, kò mọ̀ pé etí mi ò tíì di, ó ní ṣé ilé Alága nìkan ló bímọ ni.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá yín ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé o rántí ọkọ̀ búlúù wa àtijọ́, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí àfi téèyàn bá gbé e sókè díẹ̀? Tí bàbá yín bá ti gbọ́ pé ọmọ wa kan ń bọ̀ láti ilé tí kò lẹ́nì kan níbí, á ju ẹ̀wù òtútù ńlá rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, á gbé ọ lé e, ó di pápákọ̀ òfuurufú O'Hare. Orí ẹ̀wù yẹn lo ń sùn lọ. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, àlejò ti wọ̀ ọ́, ìwọ á máa ké pé wọ́n gba ibùsùn ẹ. Èmi á ti gbé ìrẹsì kaná. Ẹni tó bá fi bùbá lásán wọlé látinú yìnyín á jẹun, á rántí ilé, á sunkún, a ó jọ sunkún. Ayé ìgbà yẹn dùn, Àlàó. A ò ní nǹkan kan, èèyàn ò sì tán nílé wa.

Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù náà á dá a padà tó bá ti ra tiẹ̀, á tún di ti ẹlòmíì. Abdulfatah tẹ́ ẹ jọ ń du ipò yìí ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ọjọ́ fìdáù bàbá yín ló fọ̀ ọ́, tó lọ̀ ọ́, tó gbé e wá fún mi, ó ní òun ti ra tòun, òun sì ti ra òmíràn sẹ́yìn ọkọ̀ de àlejò. Òun ló ń lọ sí O'Hare títí dòní. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo wá sípàdé gbẹ̀yìn? Sífìtì, sífìtì. Mo mọ̀ pé ò ń ṣiṣẹ́. Abdulfatah náà ń ṣiṣẹ́.

Ó ń dùn mí o. Ìwọ ni mo pọ̀n rìn nínú yìnyín. Ó wù mí kí n tún gbọ́ kí wọ́n pe ọmọ mi ní Alága bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ẹ. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ fún Amẹ́ríkà, ohùn mi sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Tí mo bá nawọ́ fún ọ lọ́jọ́ Àìkú tí ẹgbẹ́ fẹ́ dìbò, tí Jasmine bá gbọ́, kí ni màá wí? Á ní ohun tí ìyá yìí kọ̀ fọ́mọ ọlọ́mọ ló ń fún ọmọ tiẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Abdulfatah ni màá nawọ́ fún, mo sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó o tó gbọ́ ọ lẹ́nu Halimah. Tó o bá fẹ́ bínú, bínú, ṣùgbọ́n jẹun kó o tó bínú.

Jọ̀ọ́, mo fẹ́ owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá yín ti já, mo fẹ́ ra tuntun sí i. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù o, èyí tí Jìbírílù fi ránṣẹ́ níjọ́sí, mo da fóònù dorí kodò, mo gbọ̀n ọ́n títí, kò jáde. Fẹsẹ̀ ara ẹ mú un wá. Ọmọ kan ń bọ̀ láti Ìlọrin lọ́jọ́bọ̀, Fàdìlàt lorúkọ rẹ̀, kò mọ ẹnì kankan níbí. Mo ti sọ fún Abdulfatah pé kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, pé ọmọ Alága ń lọ gbé e. Ẹ̀wù náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, má jẹ́ kí ojú tì mí.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o jogún bàbá ẹ. Òtútù ò ní mú ọ, kò sì ní mú ẹni tó bá sá tọ̀ ọ́ wá. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìmíátù.

Ìrẹsì á ti wà lórí iná kí ẹ̀yin méjèèjì tó dé.